Nítorí Àwo Ìyíjú Tí O Fẹ́ Gbẹ́ Sábẹ́ Igi Gúáfà

Múyìwá ọmọ mi, Àdìsá ọkọ mi,

Mo kí ọ láti ilé, mo sì kí Ṣadé. Mo gbọ́ pé yàrá tí ẹ gbà ní Ìbàdàn fẹ́ atẹ́gùn, inú mi dùn sí i. Iṣẹ́ tuntun á sàn ọ́, ìgbéyàwó tó ń bọ̀ náà á yẹ yín. Ṣùgbọ́n kì í ṣe torí ìyẹn ni mo ṣe jókòó ti ìwé yìí. Ìwọ náà mọ̀ pé èmi kì í kọ lẹ́tà. Ìwé kẹfà ni mo kà dé, ọwọ́ mi sì ti le nídìí bàtà iṣẹ́ àti ìbọ̀wọ́ tí mò ń tà lẹ́nu géètì àwọn ilé iṣẹ́ ní Ìkẹjà. Bí ọ̀rọ̀ yìí bá ṣeé sọ lórí fóònù ni, ǹ bá ti sọ ọ́, ó dín owó kù. Kò ṣeé sọ. Dírẹ́bà tó ń lọ sí Ìbàdàn ni mo fi rán, mo sì lẹ̀ ẹ́ pa dáadáa. Dá nìkan kà á ná.

Ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ kò gùn. Má ṣe jẹ́ kí wọ́n gbẹ́ kòtò àwo ìyíjú sábẹ́ igi gúáfà tó wà ní ìkángun àgbàlá wa, níbi tí ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin kékeré tí bàbá rẹ tẹ́ parí sí. Ènìyàn wà níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin ni. Ìbídùn ni orúkọ rẹ̀. O kò mọ̀ ọ́n, kò sì sí ẹni tó sọ fún ọ rí pé o ní ẹ̀gbọ́n. Mo ti sọ ọ́ báyìí. Ìyókù ìwé yìí, àlàyé ni, àti ìmọ̀ràn díẹ̀ tí ìyá lè fún ọmọ rẹ̀ tó fẹ́ di onílé.

Kọ́kọ́ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun fún ọ, torí ìdajì ni Múfù bírìkìlà sọ fún ọ. Mo lọ ra ẹrù ní Agége láàárọ̀. Nígbà tí mo dé, mo bá Múfù lẹ́yìnkùlé pẹ̀lú dígà àti ṣọ́bìrì. Ó ti kan èèkàn mọ́lẹ̀ lábẹ́ gúáfà, ó so okùn mọ́ ọn, ó sì fi okùn náà fa òbírí sórí ilẹ̀. Òbírí ọ̀hún gún régé, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn. Ó ti bó koríko orí rẹ̀ kúrò, ó kù kó rì dígà bọlẹ̀. Mo ní kó dúró. Ó rò pé iṣẹ́ rẹ̀ ni kò tẹ́ mi lọ́rùn, ló bá ń ṣàlàyé fún mi bí òun á ṣe da kọnkéré sí ìsàlẹ̀ kòtò náà, tí òun á fi búlọ́ọ̀kù wẹ́wẹ́ mọ ọ́n yí ká, tí àwo irin á wá jókòó sáàárín lórí bíárín táyà mọ́tò, tí ọmọ ọwọ́ pàápàá á fi lè yí i. Mo tún ní kó dúró. Ó ní ìwọ lo ní kí òun gbẹ́ ẹ, pé ìwọ ni ọ̀gá iṣẹ́.

Mo wọlé, mo gbé àpótí ìjókòó mi jáde, mo gbé e sáàárín òbírí náà, mo sì jókòó lé e.

Múfù ní, "Màmá, ṣé kí n wá da kọnkéré náà lé yín lórí ni?"

Mo ní, "Dà á. Ìwọ lo máa ṣàlàyé fún Múyìwá ohun tó sọ ìyá rẹ̀ di òpó."

Ìyá Rafíà, ayálégbé wa, tó ń fọṣọ lẹ́bàá kànga, rẹ́rìn-ín títí ọṣẹ fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a rín in. Ìgbà yẹn ni Múfù pè ọ́, tó gbé ohùn rẹ sí gbangba kí gbogbo wa lè gbọ́. Ohun tí o sọ ṣì wà ní etí mi. O ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde kí wọ́n ṣiṣẹ́. Dádì fẹ́ ẹ, wọn ò rí i ṣe títí wọ́n fi lọ. Ẹ jẹ́ n bá wọn parí ẹ̀ kí ọjọ́ ìrántí wọn tó pé."

Kí ni mo fẹ́ fi fèsì? Ìyá Rafíà ti na etí, Múfù náà kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ kó fi pamọ́ dé ìta. Ṣé kí n wá máa pe orúkọ òkú ọmọ lójú wọn, bí ẹni ń pe ọjà? Mo kàn ní mi ò dìde. O já fóònù. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ọ̀rọ̀ tí o kọ wọlé sórí fóònù mi, pé o mọ̀ pé nítorí ẹrù ni, pé mo fẹ́ fi abẹ́ gúáfà kó bàtà sí, bí mo ṣe gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ mọ́ bàbá rẹ lọ́wọ́ nígbà ayé wọn. Mo kà á, mo tún un kà. Ó dùn mí. Ṣùgbọ́n èmi obìnrin tí mò ń ṣírò owó ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ, kí ni o fẹ́ rò tí kì í ṣe owó? Ẹni tí a kò sọ fún, a kì í bá a wí.

Bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, ó yẹ kó bá àrọ́bá. Nínú ilé tiwa yìí, àrọ́bá pàápàá, a gbé e mì. Ó yá, wò ó.

Nígbà tí a ra ìdajì púlọ́ọ̀tì yìí ní Ifákò, yàrá méjì la rí kọ́ ká tó kó wọ inú rẹ̀. Kò sí ògiri ọgbà, kò sí kànga, gúáfà náà ṣì jẹ́ igi kékeré tí ewúrẹ́ àwọn ará àdúgbò ń jẹ lórí. Bàbá rẹ ń ṣe iṣẹ́ tọ́nà ní ilé iṣẹ́ kan ní Ìkẹjà níbi tí wọ́n ti ń ṣe páànù ìbolé; ẹ̀rọ tó ń yí ni wọ́n fi ń gé irin, wọ́n á gé e di róbótó bí wọ́n ṣe fẹ́. Ìbídùn ló kọ́kọ́ dé sọ́wọ́ wa. Ọmọ pupa ni, orí rẹ̀ tóbi, ẹnu rẹ̀ sì yá ju ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ. Lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, tí ọkọ̀ ojú irin bá fọn fèrè lọ́nà Agége, ibi yòówù kí ọmọ náà wà, á sáré lọ dúró sẹ́yìn ilé, á ní bàbá òun ló ń bọ̀. Bàbá rẹ kì í wọ ọkọ̀ ojú irin o. Bọ́ọ̀sì ni wọ́n ń wọ̀, wọ́n á fi ẹsẹ̀ rin ìyókù kí owó má baà pọ̀. Ṣùgbọ́n ó máa ń bọ́ sí i pé fèrè á dún, kò ní pẹ́ sí i, wọ́n á sì yọ. Kò sí ohun tí o fẹ́ sọ fún Ìbídùn tó máa gbà pé ọkọ̀ yẹn kọ́ ló gbé wọn wá. Bàbá rẹ kò sọ ọ́ fún un rárá. Wọ́n á ní bẹ́ẹ̀ ni, ọkọ̀ ló gbé àwọn, èrò ti pọ̀ jù.

Ibà ló mú un. Ibà yẹn di gìrì, a gbé e dé ilé ìwòsàn, ẹ̀mí ti bọ́ lára rẹ̀. Ibi tí mo máa kọ ìyẹn dé nìyí. Oyún rẹ ti hàn lára mi nígbà náà.

O mọ bí àwọn àgbà wa ṣe ń ṣe é. Òkú àgbà, gbangba ni wọ́n ń sin ín sí, wọ́n á rẹ́ ojú rẹ̀, wọ́n á kọ orúkọ sí i, ọmọ á máa ṣe ìrántí. Òkú ọmọdé kò rí bẹ́ẹ̀. Wọn kì í jẹ́ kí òbí rẹ̀ mọ ibi tí wọ́n sin ín sí. Wọ́n ní tí ojú ìyá bá mọ ibẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní kúrò níbẹ̀, èyí tó wà nínú rẹ̀ á sì máa gbọ́ ẹkún. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Ìjẹ̀bú, ló wá láti ilé wá ṣètò rẹ̀. Wọ́n ní kí ìyàwó wòlíì ìjọ wa mú mi lọ sílé rẹ̀. Kò yẹ kí bàbá rẹ náà wà níbẹ̀, àmọ́ ẹ̀yìn ń dun Bàbá Ìjẹ̀bú nígbà náà, mi ò sì mọ ẹni tó bá wọn di ṣọ́bìrì mú. Mi ò bèèrè. Nígbà tí wọ́n mú mi padà wálé, wọ́n ti gbá gbogbo ilẹ̀ àgbàlá láti ẹnu ọ̀nà dé ìkángun, kí ojú mi má baà bọ́ sí ibi tí ilẹ̀ ti ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Ipa ìgbálẹ̀ ni mo rí níbi gbogbo. Mo dúró sáàárín rẹ̀, mò ń wò yí ká bí ẹni tí owó bọ́ mọ́ lọ́wọ́.

Láti ọjọ́ náà, èmi àti bàbá rẹ kò pe orúkọ rẹ̀ mọ́. Wọ́n ní ká má pè é, kí èyí tó ń bọ̀ lè dúró. O bọ̀, o sì dúró. Mo dúpẹ́.

O kò tíì máa rá nígbà tí bàbá rẹ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àjẹkù irin wálé láti ibi iṣẹ́, irin pẹlẹbẹ tí ọ̀gá wọn ní kí wọ́n máa kó lọ. Wọ́n ń nà án, wọ́n ń fi pákó wẹ́wẹ́ tẹ́ ẹ sílẹ̀, wọ́n ń fi ìṣó kékeré kàn án. Ọkọ̀ ojú irin kékeré àti ọ̀nà rẹ̀ ni wọ́n ń ṣe. Táyà ọkọ̀ náà, àwọn fúnra wọn ló gé e. Ẹ̀rọ inú rẹ̀, ara rédíò kásẹ́ẹ̀tì tó bàjẹ́ ni wọ́n ti tú u, bátìrì ọ̀kadà ló ń gbé e rìn. Èmi rò pé ohun ìṣeré ni, pé ìwọ ni wọ́n ń ṣe é fún, ìwọ náà rò bẹ́ẹ̀ títí di òní. Mo máa ń ṣírò rẹ̀ sí wọn létí: owó ọ̀dà, owó bátìrì, pé a kò tíì rẹ́ ògiri ilé, wọ́n ń tẹ́ ọ̀nà fún ọkọ̀ tí kò lè gbé èrò. Wọ́n á ní, ìyá Múyìwá, o ṣeun, wọ́n á sì máa bá iṣẹ́ wọn lọ.

Wo bí wọ́n ṣe tẹ́ ẹ, ìwọ tí o mọ iṣẹ́ irin. Ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó gba iwájú kànga, ó fara ti ògiri, ó lọ tààrà sábẹ́ gúáfà, ó sì dúró síbẹ̀. Àyè wà tí wọn ì bá fi tẹ̀ ẹ́ kọrọdọ kó yí padà wálé. Wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ náà á lọ, á dúró lábẹ́ gúáfà, wọ́n á jẹ́ kí fèrè rẹ̀ dún díẹ̀, á wá fi ẹ̀yìn rìn padà títí dé ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ojoojúmọ́ tí wọ́n bá ti ibi iṣẹ́ dé ni, kí wọ́n tó bọ́ aṣọ, kí wọ́n tó fọwọ́ kan oúnjẹ.

Ìwọ fúnra rẹ ló bi wọ́n léèrè, o ti tó ẹni tó ń lọ sílé ìwé. Wọ́n ti sọ fún ọ nípa ohun tí àwọn rí lọ́gbà rélùwéè nígbà èwe wọn, èyí tí ìwọ ń pè ní tọ́ntébù báyìí, tí àwọn ń pè ní àwo ìyíjú: àwo ńlá tí wọ́n tẹ́ irin sí lórí, tí ọkọ̀ á gùn, tí àwọn ọkùnrin á fi èjìká tì yípo, títí ọkọ̀ á fi kọjú síbi tó ti ń bọ̀. O ní kí ló dé tí wọn kò ṣe é sí ìkángun ọ̀nà, kí ọkọ̀ yé fi ẹ̀yìn rìn bí ẹni tó ń bẹ̀rù. Mo wà lẹ́nu ọ̀nà, mò ń so ìbọ̀wọ́ ní méjìméjì. Bàbá rẹ ní, "Ọ̀hún yẹn, a kì í kọ ẹ̀yìn sí i."

O rẹ́rìn-ín, o rò pé wọ́n ń ṣe àwàdà. Èmi kò rín. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀.

Mo padà sídìí ìbọ̀wọ́ mi. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn, mi ò da omi ìfọṣọ síbẹ̀ mọ́, mi ò sá aṣọ sórí gúáfà, ayálégbé tó bá fẹ́ so ewúrẹ́ mọ́ ọn, èmi ni màá kọ́kọ́ tú u. Bàbá rẹ rí i pé mò ń ṣe bẹ́ẹ̀. A wá ń ṣọ́ ibì kan náà, ẹnì kọ̀ọ̀kan wa ń ṣe bí ẹni pé ẹnì kejì kò mọ̀.

Nítorí náà, Àdìsá, mú un kúrò lọ́kàn pé bàbá rẹ fẹ́ àwo ìyíjú tí wọn kò rí i ṣe. Ẹni tó gé táyà tí kò tó owó ẹyọ, tí kò sì wọ́, ṣé àwo pẹlẹbẹ ni wọn kò ní lè gé? Wọn kò fẹ́ ẹ ni. Gbèsè tí o rò pé o fẹ́ bá wọn san, wọn kò jẹ ẹ́.

Ìmọ̀ràn mi rèé. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń tò ó, bó bá ṣe bọ́ sí mi lẹ́nu ni màá ṣe kọ ọ́.

Èkínní, ilẹ̀ tí ìwọ kọ́ lo kọ́kọ́ débẹ̀, bèèrè kí o tó gbẹ́ ẹ. O máa ra ilẹ̀ ní Ìbàdàn lọ́jọ́ kan, màá gbàdúrà sí i. Onílẹ̀ á fi ìwé hàn ọ́, àwọn tó ń wọn ilẹ̀ á fi bákóònù hàn ọ́. Gba gbogbo rẹ̀, kí o tún wá ìyá àgbà kan lágbègbè náà, kí o ra ọtí ẹlẹ́rìndòdò fún un, kí o jókòó tì í. Ohun tí kò sí nínú ìwé wà lẹ́nu irú wọn. Ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi tẹlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí wọn kò sọ fún pé orí ni, kò ní ṣàì tẹ̀ ẹ́.

Èkejì kan ìwọ àti Ṣadé. Mo fẹ́ràn ọmọ náà, ó mọ iye tí nǹkan jẹ́ lọ́jà. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti ṣe gbogbo ariwo ìgbéyàwó tán, tí ilé bá ku ẹ̀yin méjì, ohun tó máa dun yín á wá. Kì í ṣe èpè, ilé ayé ló rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tó bá dé, ẹ má fi ìdákẹ́jẹ́ tọ́jú rẹ̀. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ọkọ, mo rò pé ìyàwó tó gbọ́n ni èyí tí kì í fọwọ́ kan egbò ọkọ rẹ̀. Bàbá rẹ náà rò pé ọkùnrin ni ẹni tí kì í jẹ́ kí ìyàwó rẹ̀ rí egbò. A bọ̀wọ̀ fún ara wa bẹ́ẹ̀ títí ikú fi mú wọn lọ. Nígbà tí mo ń ká aṣọ iṣẹ́ wọn láti fi ta ọrẹ, mo rántí pé èmi àti ọkùnrin yìí bí ọmọ, a sin ọmọ, a kò sì sunkún ọmọ náà lójú ara wa rí. Ìgbà tí mo wá fẹ́ sun ún, aṣọ ló wà lọ́wọ́ mi. Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ máa sunkún yín pọ̀. Kò ná yín ní nǹkan kan.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí o sọ ọ̀rọ̀ yìí fún Ṣadé tí o bá ti kà á tán. Sọ fún un kó tó wọ ilé yìí ní ìyàwó, kó mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n ọkọ òun wà. Ṣùgbọ́n má sọ fún Múfù. Sọ fún Múfù pé agídí ń da ìyá rẹ láàmú. Ó ti gbà á gbọ́ tẹ́lẹ̀.

Kò sí ìdí tí o fi ní mú wòlíì wá sábẹ́ gúáfà. Má da sìmẹ́ńtì síbẹ̀, má kọ orúkọ sí i. Mi ò fẹ́ kí ayálégbé máa tọ́ka síbẹ̀ fún àlejò. Jẹ́ kó wà bí bàbá rẹ ṣe fi í sílẹ̀.

Ó ku ti àwo náà fúnra rẹ̀. Mi ò ní kí o má ṣe é. Mo mọ̀ pé ọkàn rẹ wà níbẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ sì ni. Ṣe é sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí ọ̀nà ti bẹ̀rẹ̀. Mo ti rò ó dáadáa, ibẹ̀ ló ti máa wúlò jù. Gbogbo orí ọkọ̀ tí bàbá rẹ ṣe, àwọn tó ń fa ìyókù, wà nínú páálí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, ọ̀kan ti ń dípẹtà. Tí àwo bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí irin kéékèèké yọ láti etí rẹ̀, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ sínú yàrá kékeré tí orí ọkọ̀ kan á máa dúró sí, bí ìka ọwọ́ tó là. Èyí tó bá kàn láti jáde, o yí àwo, o dojú rẹ̀ kọ irin rẹ̀, ó gùn ún, o tún yí i, ó bọ́ sójú ọ̀nà. Gbogbo wọn á nílé, gbogbo wọn á sì máa ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n èyí tó bá lọ sábẹ́ gúáfà, iwájú ni kó fi lọ, ẹ̀yìn ni kó fi bọ̀, bó ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀.

Kí Múfù tẹ́ páìpù láti ìsàlẹ̀ kòtò lọ sínú gọ́tà. Ilẹ̀ Ifákò mọ omi í mu lóòótọ́, ṣùgbọ́n tó bá di àárín òjò, ó máa ń bì í, kòtò tí kò ní ojú ìṣàn, ọ̀pọ̀lọ́ ni ẹ̀ ń kọ́lé fún. Bíárín, má ra tuntun. Lọ bá àwọn tó ń tú mọ́tò ní Agége, fi ọwọ́ yí i níwájú wọn. Tó bá ń dún bí ẹni tó ń wa eyín, dá a padà fún wọn. Kí o sì rí i pé irin orí àwo àti irin ojú ọ̀nà dọ́gba. Tí ọ̀kan bá fi bí èékánná ga ju èkejì lọ, ọkọ̀ á máa ṣubú, wàá máa bú ẹ̀rọ tí kò ṣẹ̀ ọ́.

Mo mọ̀ pé ahéré ẹrù mi ló wà lórí ibẹ̀. Mo ti sọ fún Múfù kó wó o. Mo ń kó bàtà wọ yàrá mi láti àná, ìdajì ti wọlé. Òórùn rọ́bà kì í pa ènìyàn.

Ó ku ẹyọ ọ̀rọ̀ kan, òun ni mi ò fẹ́ kọ.

Mo kọ ọ́ lókè pé ẹ̀gbọ́n rẹ wà lábẹ́ gúáfà. Mi ò mọ̀ dájú. Kò sí ẹni tó fi ibẹ̀ hàn mí. Bàbá Ìjẹ̀bú ti kú, bàbá rẹ ti kú, ẹni tó gbá ilẹ̀ lọ́jọ́ náà, mi ò mọ̀ ọ́n títí di òní. Gbólóhùn kan tí bàbá rẹ sọ, àti ibi tí irin wọn ti dúró, òun ni mo gbé gbogbo rẹ̀ lé. Ó lè jẹ́ ẹ̀bá kànga. Ó lè jẹ́ abẹ́ yàrá tí Ìyá Rafíà ń gbé, torí ẹ̀yìn ọdún náà la kọ́ ọ. Lọ́jọ́ tí Múfù bó koríko yẹn, ẹ̀rù tó bà mí, kì í ṣe pé dígà rẹ̀ máa kan nǹkan. Ẹ̀rù tó bà mí ni pé ó máa gbẹ́ ẹ dé ìsàlẹ̀, á nàró, á nu ojú rẹ̀, á ní, "Màmá, iyẹ̀pẹ̀ lásán ni o."

Àwọn àgbà ní kí ọmọ ẹni kú sàn ju kó nù lọ. Ọmọ mi kú, mo mọ ìyẹn, mo ti ń bá a yí. Abẹ́ gúáfà ni mo gbé e sí láti ọjọ́ tí bàbá rẹ ti sọ̀rọ̀ yẹn. Tí ẹ bá gbẹ́ ibẹ̀, tí ẹ kò bá a, ó nù nìyẹn. Mi ò lókun mọ́ láti bẹ̀rẹ̀ sí í wá a nínú ilé ara mi.

Jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀ títí èmi náà á fi lọ. Lẹ́yìn mi, ilé ti di tìẹ, ilẹ̀ ti di tìẹ. Tí o bá fẹ́ gbẹ́ ẹ nígbà yẹn, o lè gbẹ́ ẹ. Mi ò ní sí níbẹ̀ láti gbọ́ ohun tí ẹ bá.

Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní já ọ kulẹ̀. Ìwọ àti Ṣadé kò ní rìn nínú òkùnkùn ara yín. Ọmọ tí ẹ máa bí á sin yín.

Èmi ni,
ìyá ìwọ àti Ìbídùn.